Ipa Táyà Létí Àpáta

Ilẹ̀ Festac tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Bí òjò bá rọ̀ síbẹ̀, omi á dúró, á máa ro ibi tí yóò gbà lọ. Ẹni tó bá ti gbé bàtà lọ́wọ́ rìn kọjá Áfẹ́núù Kìíní lóṣù Keje mọ ohun tí mò ń wí. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin kan ń gbé Festac, tó sì jẹ́ pé òkè gígùn ni ìfẹ́ ọkàn rẹ̀, ẹ ó bi í pé òkè wo. Ìbéèrè tí èmi náà bi Gbádégẹṣin nìyẹn lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan tí mo bá a lórí àtẹ̀gùn ilé wa, tó gbé kẹ̀kẹ́ ológeere lé èjìká, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Gbádé, ta ló ń lé ọ?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé mi, Ẹ̀gbọ́n. Òkè ni mò ń gùn."

"Òkè wo?"

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sókè. "Èyí tí ìjọba kọ́ fún wa."

Ilé wa ní àjà mẹ́rin. Àtẹ̀gùn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta; mo ti kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló gbé kẹ̀kẹ́ yẹn gùn ún láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé ẹgbẹ̀ta ó lé ogójì ni, láì ka sísọ̀kalẹ̀ mọ́ ọn. Àǹtí Dorothy tó ń gbé ìsàlẹ̀ jáde sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí.

"Bọ̀dá Gbádé, bí ẹ bá dé ọ̀run, ẹ bá mi kí màmá mi o!"

"Mo ti kí wọn lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n sọ fún yín kí ẹ dín iyọ̀ kù."

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. N óò sọ ẹni tó jẹ́ fún yín, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí Òkè Arógun lóṣù Kẹwàá tó kọjá kò ní yé ẹni tí kò bá mọ ibi tí ọkùnrin yìí ti ń bọ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Gbádégẹṣin, ṣùgbọ́n ẹṣin tí ọmọ náà gùn kò jẹ koríko. Lọ́dún 1978, nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ gbà á síṣẹ́, wọ́n fún un ní kẹ̀kẹ́ pupa onírin kan tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀, tí kò ní jíà kankan, wọ́n sì ní kí ó máa pín lẹ́tà fún àwọn abúlé tó wà láàárín àwọn òkè lẹ́yìn ìlú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni. Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣe é. Ó sọ fún mi pé ẹni tó ń pín lẹ́tà kì í gba ọ̀nà tó gbà lọ padà bọ̀. Àwọn abúlé náà tò bí ìlẹ̀kẹ̀ lára okùn: yóò ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, yóò gun òkè níbí, yóò sọ̀kalẹ̀ lọ́hùn-ún, títí yóò fi yípo dé ilé. Ó ní bí òun bá ti ń sọ̀kalẹ̀, àwọn ènìyàn á ti gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ òun kí wọ́n tó rí òun. Àwọn ìyàwó tí ọkọ wọn wà lókè òkun á ti dúró lójúde.

Lọ́dún 1986 wọ́n gbé e wá sí Èkó. Yàrá kan ni wọ́n fi í sí, kò ní fèrèsé, ó ń to lẹ́tà sínú àpótí. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó rí ilé gbà ní Festac bíi tèmi, ó tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, Ọlábùnmí, ó sìnkú ìyàwó rẹ̀, ó fẹ̀yìn tì. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì ló lọ sí Alákijà, tó ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan tó ní táyà eléyín ńlá àti jíà mọ́kànlélógún, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè. Mo bi í pé èló ni. Ó sọ ọ́. Mo ní wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ. Agogo ló ń dè mọ́ ọn.

Èmi kì í gun kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe olùtọ́jú ẹrù ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, mo sì ti mọ̀ pé ohun tó bá ní ẹ̀yà púpọ̀ ni ń bàjẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n a jọ ń ṣe eré ìmárale láràárọ̀, bí a sì ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ̀yin tó ń gbé Festac mọ̀ pé ara àwọn áfẹ́núù ni róòdù ti yọ, ara róòdù ni kílóòsì ti yọ. Kílóòsì ni òpópónà kékeré tí ògiri tàbí gọ́tà dí lẹ́yìn. Ó ní ẹnu, kò ní ìjáde mìíràn. Ẹni tó bá wọlé, ibi tó gbà wọlé náà ni yóò gbà jáde, ì báà jẹ́ olè tàbí àlùfáà. Èmi á máa fẹsẹ̀ rìn lójú róòdù tààrà. Gbádégẹṣin á gun kẹ̀kẹ́ wọ kílóòsì kọ̀ọ̀kan, á dé ìdí ògiri, á yí padà, á jáde. Èmi á ti dúró dè é lẹ́nu ibẹ̀, á sì fọwọ́ kí mi, á tún kọjá sí èyí tó tẹ̀ lé e. Lọ́nà yẹn, èmi rin máìlì méjì, òun gun mẹ́fà, a sì jọ parí lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárín ọdún mọ́kànlá, kò sí ọjọ́ kan tó wọ kílóòsì tí kò jáde síwájú mi.

Ẹ rántí ìyẹn o.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, a ó kúrò lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ yìí lọ wá òkè. Àwọn ọmọ ìjọ wa á máa bi wá bóyá a lọ gbàdúrà. Gbádégẹṣin á ní, "Kí ẹ tó gun ìdajì rẹ̀, àdúrà á ti bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀." Òun á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, èmi á fẹsẹ̀ rìn, a ó sì máa pàdé níbi tí ọ̀nà bá ti le. Èmi kì í gun òkè láìṣírò. Ìgò omi mẹ́ta fún ẹnì kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì, bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀, oògùn orúnkún. Bí omi bá kù sí ìdajì kí o tó dé òkè, padà. Gígùn òkè máa ń sọ iye tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀; sísọ̀kalẹ̀ ni kì í sọ tirẹ̀ títí yóò fi gbà á.

Lọ́dún tó kọjá, lóṣù Kejì, Gbádégẹṣin gbá dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan wó lápá òsì rẹ̀ ní Áfẹ́núù Kẹrin. Ó ní ọkọ̀ náà sáré jáde lójijì. Ọkọ̀ náà wà níbi tí wọ́n páàkì rẹ̀ sí láti àná, ẹni tó ni ín sì jókòó sínú rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Lóṣù Kẹta, ó gba àárín ìkòkò òdòdó Àǹtí Dorothy kọjá. Ìkòkò náà wà lápá òsì. Ọlábùnmí, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Erékùṣù, ti fetí sí ọ̀rọ̀ náà tán, ó mú bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ojú.

Àìsàn tí wọ́n ń pè ní gulakómà ni. Ó máa ń jí ìríran láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, láìdun ènìyàn rárá. Iwájú á mọ́ kedere, ẹ̀gbẹ́ á ti lọ, bí ẹni tó ń wo ayé láti inú páìpù. Dókítà ní ojú òsì ti lọ jìnnà. Oògùn tí wọ́n ń kán sí i yóò dá èyí tó kù dúró. Kò ní dá èyí tó lọ padà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, Ọlábùnmí wá bá wa nílé. Ó mú ṣéènì àti kọ́kọ́rọ́ agádágodo lọ́wọ́. Èmi àti Gbádégẹṣin ń jẹ ẹ̀pà.

"Dádì, plíìsì, ẹ jẹ́ kí n ti kẹ̀kẹ́ yìí mọ́lẹ̀."

"Kẹ̀kẹ́ náà ló ṣàìsàn ni?"

"Dádì!"

"Ọmọ tí mo gbé sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé ló fẹ́ ti kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń gbọ́?"

Ọlábùnmí yíjú sí mi. "Dádì Ṣínà, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ tó dúró ni wọ́n gbá. Èyí tó bá ń sáré ńkọ́?"

Mo ní òótọ́ lọmọ ń sọ. Gbádégẹṣin fọ ẹ̀pà kan, ó fọ òmíràn, kò fi ọ̀kankan sẹ́nu. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Bùnmí, ojú ọ̀nà Èkó le fún ojú tó ríran dáadáa pàápàá. N kò jiyàn. Mo lè fi Festac sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orí òkè kò sí ọkọ̀. Jẹ́ kí n gun Arógun. Ó wà lára àwọn ọ̀nà lẹ́tà mi, mo mọ̀ ọ́n bí àtẹ́lẹwọ́. Bí mo bá gùn ún, tí mo sọ̀ kalẹ̀, tí kò sẹ́nikẹ́ni tó dì mí mú, jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa jẹ́ tèmi fún orí òkè nìkan. Bí ẹnìkan bá dì mí mú, ìwọ ló ni ín."

Ọmọ náà ronú. Ó mọ bàbá rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá fi ipá gbà á, ọkùnrin náà yóò jókòó sórí àga bí ẹni tí wọ́n ti to sínú àpótí lẹ́tà, kò sì ní dìde mọ́.

"Èmi ni n ó wakọ̀ gbé yín lọ," ó ní. "Dádì Ṣínà yóò wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ ni n ó gbà."

"Ẹ̀gbọ́n kì í purọ́," ni Gbádégẹṣin wí. "Kò ní èrò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Bí mo ṣe di ẹlẹ́rìí nìyẹn. Àwa méjì rẹ́rìn-ín, Ọlábùnmí kò rẹ́rìn-ín.

A sun Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì, a sì dé ẹsẹ̀ Arógun ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ọlábùnmí dúró ti ọkọ̀ lábẹ́ igi ńlá kan. Ìkùukùu ṣì wà nísàlẹ̀, ó funfun bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n, orí òkè sì yọ lókè rẹ̀ bí ẹni tó bo aṣọ dé ọrùn. Gbádégẹṣin de akoto mọ́rí, ó kán oògùn sójú, ó gun kẹ̀kẹ́. Mo tẹ̀ lé e.

N kò ní parọ́, ó gùn ún dáadáa. Níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, ó wà lórí ìjókòó. Níbi tí àpáta bá ti yọ eyín, ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé e kọjá, ó tún gùn. Àwọn àparò fò jáde nínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wa. Alángbá olórí pupa ń mi orí sí wa lórí òkúta bí ẹni tó gbà pẹ̀lú wa. Omi òjò dúró sínú kòtò àpáta, ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀, n kò sì fẹ́ràn ohun tí mo rí. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá la dé orí rẹ̀. Mo ti mu ìgò kan, ó ku méjì.

Láti orí Arógun, a rí òkè mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Àkọ́kọ́ ní àwọ̀ ewé, ìkejì dà bí eérú, ìkẹta kò yàtọ̀ sí òfurufú. Gbádégẹṣin ń tọ́ka sí wọn, ó ń dárúkọ abúlé tó wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó máa ń gba lẹ́tà níbẹ̀, ẹni tí kò mọ̀wé kà tó máa ń ní kí òun ka tirẹ̀ sókè. Ó ní obìnrin kan wà tí òun ka lẹ́tà fún, tí lẹ́tà náà kò dára, òun sì kà á bí ẹni pé ó dára.

"O purọ́ fún un?"

"Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fún un, Ẹ̀gbọ́n. Mo sọ òtítọ́ fún un lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e. Ó bú mi. Ó ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni òun ì bá fi dìde lọ bá ọkọ òun."

A jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

A kò tíì lọ jìnnà tí ọ̀nà tóóró kan fi yà lọ́wọ́ ọ̀tún. Gbádégẹṣin tó wà níwájú na ọwọ́ sókè kí mi, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, ó yà wọ inú rẹ̀. Èmi náà ṣe ohun tí mo máa ń ṣe láràárọ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà náà, mo wá òkúta tó tẹ́jú, mo jókòó dè é.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú ogún ni. Nígbà tó di ìdajì wákàtí, mo ní ọ̀nà náà gùn ni. Nígbà tó pé ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, mo ní ó dúró wòran. Mo mu omi. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá kí n wọlé tẹ̀ lé e. Ta ló ń wọlé tẹ̀ lé ẹni tó ń bọ̀ wá jáde?

Obìnrin kan ti ìsàlẹ̀ gòkè bọ̀, ó ru agbọ̀n òfìfo, ó mú àdá lọ́wọ́. Sìlífátù lorúkọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Ṣé kò sí?"

"Kò sí, ọmọ mi. Mò ń dúró de ọ̀rẹ́ mi tó wọ inú ibí ni. Yóò jáde láìpẹ́."

"Yóò jáde níbo?"

"Níbí."

Ó wo ọ̀nà náà, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín títí agbọ̀n fi fẹ́ jábọ́ lórí rẹ̀.

"Bàbá, ọ̀nà oko wa nìyí! Ìsàlẹ̀-Arógun ló já sí, lódìkejì òkè. Ta ló ń gba ibẹ̀ padà bọ̀?"

"Kò ní ògiri nídìí?"

"Ògiri? Ẹ̀yin ará Èkó yìí náà! Ta ló fẹ́ mọ ògiri sórí òkè, kó máa fi ṣe kí ni?"

Ojú tì mí. Mo gbé ọkùnrin tó ń fi ìdajì ojú ríran wá sórí òkè, mo sì fi í sílẹ̀, mo jókòó dè é lẹ́nu kílóòsì. Mo dìde.

"Ẹsẹ̀ ló fi lọ, àbí?" Sìlífátù bi mí, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Kẹ̀kẹ́ ni."

Ẹ̀rín náà dá. "Òjò ọdún tó kọjá ti jẹ apá òsì ọ̀nà yẹn lọ níbi àpáta. Àwa gan-an, ara àpáta la máa ń fara mọ́ kọjá. Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Mo tẹ̀ lé e. Bí àyà mi bá já, mo máa ń ka nǹkan, nítorí náà mo ka ìṣísẹ̀. Ní irinwó ó lé méjìlá, Sìlífátù dúró, ó sì na apá dí mi lọ́nà.

Àpáta ga lọ́wọ́ ọ̀tún wa bí ògiri ilé. Lọ́wọ́ òsì, ilẹ̀ ti já lọ, kò sí nǹkankan níbẹ̀. Orí ọ̀pẹ ni mo ń wò láti òkè. Ọ̀nà tó kù láàárín kò ju ìṣísẹ̀ kan lọ ní fífẹ̀. Ipa táyà eléyín ńlá náà wà lórí amọ̀ tútù, ó yọ kedere, ó lọ gbọọrọ. Ìka méjì ló kù kó kan etí. Mo fi ìka mi wọ̀n ọ́n. Méjì, kò pé mẹ́ta. Kò sí ibi tí ipa náà ti mì, kò sí ibi tí bíréèkì ti fa ilẹ̀. Ẹni tó kọjá níbẹ̀ kò bẹ̀rù, nítorí kò mọ̀ pé ohun ìbẹ̀rù wà.

Sìlífátù ká ọwọ́ lérí. "Ọlọ́run ló gbé e kọjá."

Mo wo iwájú, mo rí i pé ipa náà ń bá a lọ kọjá ibẹ̀, a sì fara mọ́ àpáta kọjá.

A bá a létí oko ẹ̀gẹ́, lábẹ́ igi kajú. Ó gbé akoto lé orúnkún, ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi. Bó ṣe rí wa, ó fi ọwọ́ lu agogo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ̀gbọ́n! Kí ló dá yín dúró? Mo ti ń rò pé ẹ ti kó sọ́wọ́ obìnrin." Ó kí Sìlífátù. "Bó ti lẹ̀ rí nìyẹn."

"Gbádé, o kò sọ pé ibẹ̀ la máa gbà."

"Èmi gan-an kò mọ̀! Ẹsẹ̀ mi ló yà síbẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógójì, Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ mi kò gbàgbé." Ó dìde. Ojú rẹ̀ ń dán, bí ẹni ọdún mọ́kànlélógún. "Mo sọ̀ kalẹ̀ bí omi. Kò sẹ́ni tó dì mí mú. Ṣé ẹ ó jẹ́rìí?"

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó dì í mú. Bí mo bá sọ ìyẹn nìkan fún Ọlábùnmí, n kò purọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, mo rò ó. Mo gbé e sórí ìwọ̀n. Lápá kan, ojú tó ń dán yìí, tí n kò rí irú rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Lápá kejì, òkè tó ń bọ̀, àti èyí tó tẹ̀ lé e. Mo tún rántí obìnrin tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan dá lóore. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tọ́jú ẹrù. Ohun tí kò pé, a kì í kọ ọ́ pé ó pé.

"Màá jẹ́rìí," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n dìde ká padà lọ wo nǹkankan."

"Ẹ̀yìn? Níbi tí mo ti ń bọ̀?"

"Kò jìnnà."

Ó ráhùn títí a fi débẹ̀. Ó ní àgbà ti ń dé sí mi, ó ní ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ ló ń fi ẹni tó gùn ún ṣe ìrìnkèrindò. Nígbà tí a dé ibi àpáta, mo dúró. Mo ní, "Wo ilẹ̀."

Ó wo iwájú rẹ̀. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"Yí orí rẹ sí apá ibi tí ilẹ̀ ti tán."

Ó yí i. Ó yí i sí i. Mo mọ ìgbà tó rí i, nítorí pé ó fa èémí sínú, kò sì jẹ́ kó jáde.

Ó kúnlẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí ipa táyà náà, ó tẹ̀ lé e díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ìka rẹ̀ wá etí. Ìka méjì bá ààyè náà mu gẹ́lẹ́. Àṣá kan ń rábàbà nísàlẹ̀ wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ là ń wò.

"Ọ̀nà yìí fẹ̀," ó wí. "Èmi àti màlúù máa ń pàdé níbí, a sì máa ń kọjá lára wa."

"Ọdún wo nìyẹn?"

"Bíi 1984."

"Ọ̀nà ọdún yẹn lo gùn wá, Gbádé. Èyí tó wà nílẹ̀ kọ́."

Mo retí kó bínú. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀.

"N kò rí i, Ẹ̀gbọ́n," ó wí. "N kò rí i rárá. Mo rò pé mo rí i."

"Mo mọ̀."

Sìlífátù ti bojú wo ibòmíràn, obìnrin tó mọ ìwà. Gbádégẹṣin dìde, ó gbọn amọ̀ kúrò lórúnkún. A padà sí ibi tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà. Kò gùn ún. Ó dì í mú ní ọwọ́ méjèèjì, ó ń tì í lọ, èmi ń rìn lápá òsì rẹ̀. Sìlífátù fi ọ̀nà tó yí ẹsẹ̀ òkè ká hàn wá, ó fún wa ní ẹ̀gẹ́ mẹ́ta, kò gba nǹkankan. Ìdajì ìgò omi ló kù sí mi lọ́wọ́. Mo fún Gbádégẹṣin, ó mu ún tán, ó dá ìgò padà.

Ọlábùnmí ti rí wa lókèèrè, ó sáré bọ̀. Ó wo bàbá rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo orúnkún rẹ̀ tó ní amọ̀, ó wo kẹ̀kẹ́ tó ń tì. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, nítorí èmi ni ẹlẹ́rìí.

"Dádì Ṣínà, ṣé ẹnikẹ́ni dì wọ́n mú?"

Mo la ẹnu. Gbádégẹṣin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Kò sẹ́ni tó dì mí mú, Bùnmí," ó wí. "Ó sì yẹ kí ẹnìkan ti dì mí mú."

Ó ṣí akoto kúrò lórí, ó fi kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ti kẹ̀kẹ́ náà sọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó wọ inú ọkọ̀ lọ jókòó. Ọmọ náà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, ó sì ń sunkún. Mo bá a gbé e sẹ́yìn ọkọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Gbádégẹṣin kò fi jáde láàárọ̀. Mo ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń ní òun ń sùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo bá a lórí àtẹ̀gùn, kò gbé nǹkankan léjìká, ó ń gùn ún.

"Ìgbà mélòó?" ni mo bi í.

"Ẹ kà á fúnra yín."

Ọlábùnmí ló ń gun kẹ̀kẹ́ náà báyìí lọ́jọ́ Sátidé. Kò gùn ún dáadáa, ó ń fi jíà ṣeré, bàbá rẹ̀ sì ń pariwo mọ́ ọn láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A ti bá ara wa sọ pé a ó lọ sí òkè kan lóṣù Kọkànlá, àwa méjèèjì pẹ̀lú ẹsẹ̀, òun pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò omi.

Láàárọ̀, a ṣì ń gba ojú róòdù wa. Gbádégẹṣin kò fẹ́ fi kílóòsì kankan sílẹ̀. Ó ní ara òun ti mọ máìlì mẹ́fà náà. Èmi kì í dúró lẹ́nu wọn mọ́. A jọ ń wọlé, a jọ ń dé ìdí ògiri, a jọ ń yí padà. Mo wà lápá òsì rẹ̀.